Ọmọ Ajá Ọdẹ: Ẹ̀kọ́ Mélòó Ló Lè Gbà Lójúmọ́?

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń dáko, tó sì ń ṣọdẹ, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó ní: "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra ọmọ ajá ọdẹ kan, ó ti pé oṣù 5. Àràárọ̀ ni mo ń mú un sáré tẹ̀lé ọ̀kadà kí ara rẹ̀ lè le kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ó ti wá ń tiro báyìí." Mo bi í bóyá ajá náà máa ń wá tó bá pè é. Ó ní ìyẹn kò tíì kàn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹsẹ̀ ló ń kọ́, nígbà tó jẹ́ pé etí ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ́.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ajá ọdẹ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ nínú ẹ̀sìn wa. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbà wá láyè láti sin ajá fún ọdẹ, fún ṣíṣọ́ ẹran ọ̀sìn àti fún oko. Áyà 4 nínú Súrá Al-Máídà sì ṣe ẹran tí ajá ọdẹ bá mú fún wa ní ẹ̀tọ́, bí ó bá jẹ́ ajá tí a ti kọ́, tí a sì dárúkọ Ọlọ́hun sí i. Kí ni à ń pè ní ajá tí a ti kọ́? Àwọn onímọ̀ ní òun ni èyí tó ń lọ bí a bá rán an, tó sì ń dúró bí a bá dá a dúró. Ọ̀pọ̀ wọn fi ìkẹta kún un, pé kò gbọdọ̀ jẹ nínú ẹran náà, nítorí hadisi Adiyyu ọmọ Hatim. Ojú ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì, tí àwọn àgbà wa ń tẹ̀lé, kò ka ìkẹta yìí sí dandan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ iyèméjì, kó kọ́ ajá rẹ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ajá tí a kò kọ́ bá pa ehoro kí ọ̀bẹ tó dé ọrùn rẹ̀, òkúǹbete ló gbé wálé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ sì tún wò ó dáadáa: kò sí eré sísá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ 8 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀ lè sùn tó wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ni ọkàn rẹ̀ lè fi dúró sójú kan. Ẹ pè é lórúkọ. Bó bá wá, ẹ fún un ní ẹran bíńtín, ẹ yìn ín. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kí ẹ sì máa dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì ń wù ú. Tó bá pé oṣù 4, ẹ lè sún un sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ní oṣù 6, ìṣẹ́jú 15. Bó bá ń yán, tó ń họra, tó ń gbóòórùn ilẹ̀ kiri tàbí tó ń ge okùn jẹ, kì í ṣe olórí kunkun. Ó ti yó ni. Ẹ má nà án. Èmi náà jẹgba nílé kéú, mo mọ ohun tí mò ń sọ: ajá tí a pè, tó wá, tí a wá nà, kò ní wá mọ́ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ nínú igbó.

Láàárín oṣù 4 sí 6 ni eyín rẹ̀ máa ń pààrọ̀, ẹnu a sì máa dùn ún. Bó bá gbé nǹkan sẹ́nu, ẹ má fi agbára fà á yọ. Ẹ fi ẹran díẹ̀ hàn án kó lè jù ú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti máa mọ̀ pé kò sí àdánù nínú kí òun kó ohun tí òun mú fún olówó òun, ìyẹn sì ni ìkẹta tí àwọn onímọ̀ ń sọ.

Ní ti eré, orí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tó ti ń gùn sí i, ṣì rọ̀. Ó lè tó oṣù 12 kí ó tó le tán. Ti ajá ńlá lè dé oṣù 18. Kó máa ṣeré fúnra rẹ̀ lórí koríko kò burú, torí bó bá rẹ̀ ẹ́, á dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá ọ̀kadà dúró fún un? Ẹ wo Saluki, ajá eléré tí àwọn Lárúbáwá ti fi ń lé ẹran láti ayébáyé: ní Amẹ́ríkà, wọn kì í gbà á sínú ìdíje eré bí kò bá tíì pé ọdún kan.

Ẹ má yìnbọn létí rẹ̀ lójijì. Ajá tí ìbọn bá dẹ́rù bà ní kékeré lè má wúlò fún ọdẹ mọ́. Kí ẹ tó mú un wọ igbó, kó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tán, pẹ̀lú ti dìgbòlugi. Kó sì ní abọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ìyá ilé má baà máa fọ abọ́ lẹ́ẹ̀meje.

Mo ní kí ọ̀dọ́kùnrin yẹn gbé ajá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kó jẹ́ kó sinmi, kó wá bẹ̀rẹ̀ látorí pípe orúkọ. Ó ní: "Àáfà, ṣé ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí ti lọ nìyẹn?" Mo ní ó ti lọ, fún ti ẹran lílé, kó máa gbé e dání lọ sóko, kó máa gbóòórùn ọ̀yà.