Kíndìnrín Mẹ́ta Nínú Ìgò
Ti ẹja àrọ̀, ti ọ̀pọ̀lọ́, ti eku. Inú fọ́málínì ni a kó wọn sí.

Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja àrọ̀ ju ti odò lọ, nítorí náà omi ń gba ibi tó fi ń mí wọ ara rẹ̀ láìdúró. Kíndìnrín rẹ̀ ló ń da omi náà síta, tó sì ń gba iyọ̀ padà.

Ní ti ọ̀pọ̀ ẹja òkun, ńṣe ni òkun ń fa omi kúrò lára wọn. Ẹ wo àwòrán Opsanus tau, ẹja etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà: kò sí asẹ́ ẹ̀jẹ̀ kankan nínú kíndìnrín rẹ̀, síbẹ̀ ó ń tọ̀! Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín inú rẹ̀ ló ń tu ìdọ̀tí sínú ìtọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1930, irú ẹja bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ gbà pé iṣẹ́ kíndìnrín ju sísẹ́ lọ.

Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣì nírù ń lo kíndìnrín kan nítòsí orí. Bó bá dàgbà, ìyẹn á parẹ́, òmíràn á ti hù lẹ́yìn rẹ̀. Inú èyí náà ni àtọ̀ akọ ń gbà jáde. (Ẹ má rẹ́rìn-ín: ọ̀pá tí àtọ̀ ọmọ ènìyàn ń gbà, ọ̀pá kíndìnrín ìgbà ọlẹ̀ ni.)

Kíndìnrín kẹta ni eku àti àwa ń lò. Méjì ti kọ́kọ́ yọjú nínú oyún ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pá títẹ̀ tí Jakob Henle ará Jámánì ṣàpèjúwe ní 1862 ló ń mú kí ìtọ̀ ki ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹyẹ nìkan ló ní in. Kíndìnrín ènìyàn ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 lójúmọ́. Bíi lítà kan àbọ̀ ló ń di ìtọ̀.