Ẹsẹ̀ Ọkọ̀: Àlàyé lórí Pípààrọ̀ Ẹ̀yà Tó Ti Gbó, àti Ohun Tó Kan Olùyẹ̀wé-wò Nínú Rẹ̀

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà tó ti gbó lábẹ́ ọkọ̀ tó ti pẹ́, pàápàá nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fẹ́ kí ó dúró dáadáa lójú títì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú èyí. Ìdáhùn tiwa ni pé aròkọ ajẹmọ́-ìṣípayá wà lára ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí a bá sì ní kí ọmọ tó ń gbé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ kan tó mọ̀ dunjú, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bí ó bá mú iṣẹ́ mẹkáníìkì. Àgbègbè Alímọ̀ṣọ́ kún fún èrò. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, òun ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọkọ̀ àti àwọn tó ń tún un ṣe sì pọ̀ níbẹ̀ bákan náà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń yẹ ìwé wò kò mọ iṣẹ́ náà. A lè fún ọmọ ní máàkì lórí ohun tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn, kí a sì gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó sọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn méjì ṣe àpẹẹrẹ:

(a) Lẹ́yìn tí mẹkáníìkì ti fún gbogbo nọ́ọ̀tì ara búùṣì le pinpin, ó yọ jáàkì, ó sì sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀.

(b) Mẹkáníìkì kọ́kọ́ fún nọ́ọ̀tì ara búùṣì díẹ̀, ó sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ kí ó lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí ó tó wá fún un le pinpin.

Gírámà méjèèjì pé. Bí ó bá jẹ́ gírámà nìkan ni à ń wò, (a) tilẹ̀ já gaara ju (b) lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ṣàlàyé iṣẹ́ náà bí ó ṣe yẹ. A ó padà sí i.

Ohun tí ó wà ní ẹsẹ̀ ọkọ̀

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń pe gbogbo ohun tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀. Orúkọ náà bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Súpíríǹgì ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀. Bí táyà bá wọ kòtò, súpíríǹgì á fún, á sì tún nà padà. Bí a bá fi òun nìkan sílẹ̀, á máa fò sókè sódò títí. Ṣọ́ọ̀kì ló ń mú un rọlẹ̀. Ọ́ìlì wà nínú ṣọ́ọ̀kì, àwọn ihò tóóró ni ọ́ìlì yìí sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ọ̀pá rẹ̀ tó lè rìn. Ìnira yẹn ló ń sọ agbára ìfò náà di ooru. Nítorí náà, àṣìṣe ni bí ènìyàn bá kọ ọ́ pé ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé ọkọ̀ ró.

Irin kan wà nísàlẹ̀ tí ó na ọwọ́ láti abẹ́ ọkọ̀ dé ẹ̀yìn táyà. Áàmù ni wọ́n ń pè é. Ní ibi tí áàmù ti kan ara ọkọ̀, búùṣì ló wà níbẹ̀: rọ́bà tí a lẹ̀ mọ́ àárín irin róbótó méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Ní ìkangun kejì, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ló wà, tí ó ń yí gẹ́gẹ́ bí orí egungun itan ṣe ń yí nínú kòtò rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni a ṣe bákan náà o. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọjọ́, tí kò jìnnà sí Ìgándò. Ṣọ́ọ̀kì iwájú 504 wà nínú súpíríǹgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá kò ní irú súpíríǹgì bẹ́ẹ̀ rárá. Irin tí ó ń lọ́, tí ó sì ń lọ́ padà, ni ó ń gbé e ró. Toyota Corolla àti Camry tòkúnbọ̀ tí ó pọ̀ ní ìgboro lónìí súnmọ́ ìlànà iwájú 504.

Ìgbà tí ẹ̀yà bá gbó

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ní Corolla àgbà kan tí kò dúró sójú kan. Bí a bá ti tẹ bíréèkì, á fà sí ọ̀tún. Bí a bá wọ kòtò, á jó. Mẹkáníìkì kan ní kí a ra ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a rà á. Ó ní kí a fi súpíríǹgì tí ó le sí i, a gbà. Ọkọ̀ náà wá le bí igi, síbẹ̀ ó ń fà. Ẹlòmíràn ló wá fi irin gbọọrọ kan ti áàmù síwá sẹ́yìn lójú wa: rọ́bà búùṣì ti ya kúrò lára irin rẹ̀.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Rọ́bà tó ti ya kì í jẹ́ kí áàmù dúró sí ipò rẹ̀. Bí a bá tẹ bíréèkì, áàmù ẹ̀gbẹ́ kan á sún sẹ́yìn, táyà á yí ojú padà díẹ̀, ọkọ̀ á sì fà. Súpíríǹgì líle kò lè wo èyí sàn. Ńṣe ló ń fi ìnira kún ti rọ́bà náà, nítorí ohun tí súpíríǹgì kò gbà mọ́, búùṣì àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ni yóò gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ àgbà dúró dáadáa, rọ́bà àti oríkèé ni kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó tó dé orí ṣọ́ọ̀kì àti súpíríǹgì. Nígbà púpọ̀, bí ó bá ti ṣe ìyẹn tán, yóò rí i pé súpíríǹgì tí ó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ ti tó o. Súpíríǹgì kúkúrú tí ń mú ọkọ̀ sún mọ́lẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ ojú ọ̀nà tó ní kòtò àti bọ́ǹpù.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ nìyí. A ó fi ọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá fò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ṣọ́ọ̀kì ti kú. Ọ́ìlì tó ń jò sí ara rẹ̀ náà jẹ́ àmì. Bí a bá fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tí a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, tí ó ń mì, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tàbí béárìn ni kí a fura sí. Bí ó bá jẹ́ apá òsì àti ọ̀tún táyà ni ó ti ń mì, tai-rọ́ọ̀dù ni. Ti bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì kò ṣe é fi ṣeré. Bí ó bá já lórí ìrìn, táyà á ká sóde, ẹni tó wà nídìí sítíárìn kò sì ní agbára lórí ọkọ̀ mọ́.

Ní ti rírà, ẹ̀yà tuntun wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù náà wà, ìyẹn ẹ̀yà tí a tú lára ọkọ̀ òkèèrè, bí irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. A kò kórìíra Bẹ́ljíọ̀mù. Irin áàmù lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún kí ó má ṣe nǹkan kan. Rọ́bà kò rí bẹ́ẹ̀: ó ń gbó, ó ń le, ó sì ń sán, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ náà kò rìn. Ẹni tó ra áàmù Bẹ́ljíọ̀mù ti ra rọ́bà tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ èyí tó fẹ́ jù nù. Kí ó ra búùṣì tuntun sí i. Tọ̀tún-tòsì ni à ń pààrọ̀ ẹ̀yà ẹsẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà le ju èkejì lọ.

Nígbà iṣẹ́, jáàkì nìkan kò tó láti gbé ọkọ̀ tí ènìyàn yóò wọ abẹ́ rẹ̀. Súpíríǹgì tí a fún pọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irinṣẹ́ tí a ṣe fún un ni kí a fi dì í mú, kì í ṣe wáyà tàbí okùn, nítorí bí ó bá já, ó lè pa ẹni tó dojú kọ ọ́.

Ní báyìí, a lè padà sí (a) àti (b). Búùṣì rọ́bà kì í yọ̀ bí béárìn. Lílọ́ ni rọ́bà rẹ̀ ń lọ́. Bí a bá fún nọ́ọ̀tì le nígbà tí táyà ṣì so rọ̀ lófuurufú, ipò ìsorọ̀ yẹn ni rọ́bà yóò gbà bí ipò ìsinmi rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá tẹlẹ̀, rọ́bà ti lọ́ kí ó tó rin ìrìn kankan. Kò ní pẹ́ tí yóò fi ya. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí a tó fún un le. Lẹ́yìn èyí ni aláìmẹ́ńtì, nítorí ipò táyà ti yí padà. Bí a kò bá ṣe é, táyà á máa jẹ ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ àyálò àti máàkì

A ti gbọ́ kí olùyẹ̀wé-wò sọ pé àdàlù èdè ni búùṣì, ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì. A kò fara mọ́ ọn. Àyálò àfetíyá ni wọ́n, bí táyà àti bíréèkì: fáwẹ̀lì ti wọ àárín kọ́ńsónáǹtì wọn tàbí ti parí wọn, ohùn sì ti wà lórí wọn. Àdàlù ni kí ọmọ kọ ọ́ pé òun “replace” búùṣì. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn mẹkáníìkì ń lò: ọkọ̀ ń fà, ó ń jó, táyà ń jẹ, ẹsẹ̀ já, ṣọ́ọ̀kì kú. Orúkọ ẹ̀yà ni a yá. Ohun tó ń ṣe ẹ̀yà náà, Yorùbá ló ń sọ ọ́.

Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ti ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n dá lé. Títí a ó fi ní irú rẹ̀ fún mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni kí a gbà lọ́wọ́ ọmọ, kí a má sì fi ipá mú un wá “àgbàjì rọ́bà” tàbí ohun mìíràn tí mẹkáníìkì kankan ní Ìkòtún kò ní mọ̀.

Tiwa ni pé kí a fún ẹni tó kọ (b) ní máàkì ètò iṣẹ́ ní kíkún. Ẹni tó kọ (a) yóò pàdánù ti ibẹ̀, bí gbogbo àmì ohùn rẹ̀ tilẹ̀ pé, kí olùyẹ̀wé-wò sì kọ ìdí rẹ̀ sí etí ìwé fún un.