Ìtàn Àkàrà-ògùn àti Àwọn tí Ń Tò Ó Pọ̀

Ọmọ tí a tọ́ ní Ìdó-Ilé, ní Aràmọ̀kọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè kì í sábà gbọ́ ìtàn baba ńlá rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú oríkì ni ó ti ń ṣà á. Bí ó bá kí ìyá àgbà ní òwúrọ̀, a lè kì í ní ọmọ ẹni tí ó lọ sí ogun. Ní ọjọ́ ìsìnkú kan, yóò tún gbọ́ pé ẹni náà kò padà bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tí ó fẹ́ràn ìwé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ti ń ṣe láti ìgbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde ní 1938.

Nínú ìwé náà, Àkàrà-ògùn ọdẹ sọ fún wa pé àjẹ́ paraku ni ìyá òun, pé ó a máa di ẹranko, àti pé ìbọn Olówó-ayé, baba òun, ni ó pa á. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ní 1949 ni Igbó Olódùmarè dé. Apá kejì ni a pè é, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣáájú ni ó ń sọ: ìgbà èwe Olówó-ayé, bí ó ti wọ igbó, tí ó bá Èṣù-kékeré-òde jà, tí ó sì pàdé Àjẹ́dìran tí ó fi ṣe aya. Òǹkàwé tí ó ti ka ìwé àkọ́kọ́ kò lè fi ọkàn tútù ka ìgbéyàwó yìí. Ó gbọ́ ohun tí ó wà nínú orúkọ obìnrin náà. Ó mọ̀ pé ìbọn ń bẹ níwájú, àwọn tí ń fẹ́ ara wọn kò sì mọ̀.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọmọ nìkan ni a ti gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí nìyí tí òǹkàwé fi ń padà sí ìwé kejì, tí ó ń wo ohun tí obìnrin náà ṣe àti ohun tí ó sọ, bí ẹni tí ń wá ẹlẹ́rìí.

Irú iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe nínú eré orí kọ̀ǹpútà. Nínú Dark Souls, tí FromSoftware ti ilẹ̀ Jàpáánì gbé jáde ní 2011, gbólóhùn díẹ̀díẹ̀ tí a kọ nípa idà, òrùka àti ẹ̀wù ni a fi ń mọ ẹni tí akọni kan jẹ́. Hidetaka Miyazaki tí ó darí rẹ̀ ti sọ pé, ní kékeré, òun a máa ka ìwé tí ó ju agbára òun lọ, òun a sì fi èrò ara òun dí ibi tí kò bá yé òun.

Fágúnwà kú ní 1963. Kò sí ẹni tí a lè bi mọ́. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Kako Oníkùmọ̀-Ẹkùn kò tí ì tán lẹ́nu àwọn òǹkàwé: ọkùnrin tí ó pa ìyàwó tí kò fẹ́ kí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó, tí ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.