Bí Ọ̀kadà Bá Ń Wúkọ́, Ẹ Má Tíì Tú Ẹ́ńjìnnì

 

Ní oṣù tó kọjá, ìyá kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa mú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó pàjáwìrì wá sí ọ́fíìsì. N70,000 ló fẹ́ yá. Gàrí àti ẹlùbọ́ ló ń tà, ọ̀kadà ni ọmọ rẹ̀ sì fi ń kó o láti abúlé wá sí ọjà Kàbà. Ó ní ọ̀kadà náà ń wúkọ́, ó ń fà sẹ́yìn, ó sì ń kú lójú ọ̀nà. Mẹkáníìkì ti ní àfi kí àwọn tú ẹ́ńjìnnì, kí àwọn pààrọ̀ písítìnì àti ríìngì.

Ẹ sì mọ òfin wa: ẹni tó bá gba ẹ̀yáwó kan kò lè gba òmíràn títí yóò fi san ti àkọ́kọ́ tán. Bí ìyá yìí bá gba owó ẹ́ńjìnnì, kò ní rí owó fi ra ọjà nígbà ìkórè. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ọ̀kadà yẹn ná."

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o. Ṣùgbọ́n mo ti sanwó títú ẹ́ńjìnnì rí, nígbà tó jẹ́ pé pílọ́ọ̀gì lásán ló bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́gbọ́n pé ohun tí kò ná wa lówó ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn.

Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì kékeré ń fẹ́ kó tó lè ṣiṣẹ́ geere: epo tó mọ́, iná tó lágbára, àti atẹ́gùn tó ń wọlé bó ti yẹ. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe ọ̀nà méjì pọ̀, kí ẹ lè mọ èyí tó wo àìsàn náà sàn.

Epo. Púpọ̀ nínú wa ló ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì. Òjò lè kán sí i, ìdọ̀tí sì lè wà nínú rẹ̀. Kódà ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ jẹ́wọ́ pé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ orílẹ̀-èdè wa. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ tú síkúrúù ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, kí ẹ da epo ibẹ̀ sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò sùn sí.

Ẹ tún wo ihò kékeré tó wà lórí ìdérí tánkì. Bí eruku bá dí i, epo kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ dáadáa: ọ̀kadà yóò rìn díẹ̀, yóò kú. Bí ẹ bá ṣí ìdérí, tó dún "ṣíì", tí ọ̀kadà sì tún jí, ẹ ti mú olè náà. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọ̀kadà dúró lójú kan nìkan ló ń kú, jẹ́ẹ̀tì kékeré inú kábúrétọ̀ ló ṣeé ṣe kó dí. Ẹ fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Ẹ má fi wáyà gún un, kí ihò rẹ̀ má baà fẹ̀.

Iná. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bó bá pọ́n bí àwọ̀ bísíkíìtì, àlàáfíà ni. Bó bá dúdú tó sì gbẹ bí èédú, epo pọ̀ jù tàbí fíltà ti dí. Bó bá funfun, epo kéré jù, tàbí atẹ́gùn ń yọ́ wọlé. Bó bá tutù fún ọ́ìlì, ọ̀rọ̀ ti ń dé inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Àlàfo ẹnu pílọ́ọ̀gì ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wà láàárín mílímítà 0.6 sí 0.8, ìwé ọ̀kadà yín ni yóò sọ èyí tó tọ́.

Atẹ́gùn. Ẹ gbọn fíltà, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ wo rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti ya. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ẹ fa ṣóòkù díẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, epo ló kéré tàbí atẹ́gùn ló ń yọ́ wọlé. Bó bá burú sí i tó ń tú èéfín dúdú, epo ló pọ̀ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní Vespa, èyí tí wọ́n ti ń ṣe ní Ítálì láti ọdún 1946, ẹ rántí pé àwọn ti àtijọ́ ń jẹ ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo ni. Ti PX, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni: mílílítà 100 sínú lítà 5. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, èéfín yóò bo ọ̀nà, pílọ́ọ̀gì àti sàlẹ́ńsà yóò dí. Bó bá kéré jù, písítìnì yóò gan.

Kí ni a wá bá nínú ọ̀kadà ọmọ ìyá? Omi ni! Ó tó ìka kan nísàlẹ̀ ìgò. A da epo tánkì nù, a fọ kábúrétọ̀, a nu pílọ́ọ̀gì, a bu epo tuntun sí i. Ọ̀kadà dún geere. Ìyá ká fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó ní òun yóò mú un padà wá nígbà ìkórè.

Mi ò sọ pé mẹkáníìkì jẹ́ olè. Bí èéfín bá ń yọ búlúù lára ọ̀kadà tí kì í jẹ ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, bí ẹ bá tapá sí i tó rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀, tàbí tí irin ń lu irin nínú rẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ. Ìgbà náà ni ẹ̀yáwó wúlò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ mú ìgò.

 

Akọ̀wé yín.