Àkàtànpó Wo Ni Ó Yẹ Bàbá Ọdẹ Tí Èjìká Ń Dùn?

Ní Èkó àti agbègbè rẹ̀, bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ ọdẹ, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹni tí ń ṣọ́ ilé tàbí ìsọ̀ ní òru. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àgbàlagbà tí ń ṣọ́ ìsọ̀ ní Òṣòdì, a rí àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ọdẹ inú igbó ní tòótọ́ kí wọ́n tó wọ Èkó, àwọn tí wọ́n mọ ipa ẹsẹ̀ ẹtu, tí wọ́n sì mọ ihò tí òkété wà yàtọ̀ sí èyí tí ó ti fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé tọ̀ wá wá. A sì rí i pé kò yẹ kí a fún òun nìkan ní èsì rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé tí àgbà ń bẹ.

Bàbá náà ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ní oṣù ni ó máa ń wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì lọ sí abúlé rẹ̀ ní ìhà Abẹ́òkúta, kí ó lè wo oko rẹ̀, kí ó sì ṣe ọdẹ díẹ̀. Láti bí ọdún kan ni èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti ń dùn ún, tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé apá sókè wọ ẹ̀wù láìjẹ́ pé ènìyàn ràn án lọ́wọ́. Ìgbà ìkẹyìn tí ó yin ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi lè fi ọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè. Kò sọ fún ọmọ kankan. Ìyá àwọn ọmọ ni ó tú àṣírí. Láti ìgbà náà ni ìbọn ti wà lára ògiri, tí bàbá sì di ẹni tí ń jókòó jẹ́ẹ́, tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ igbó mọ́.

Ọmọ náà rí àkàtànpó ìgbàlódé nínú ìpolówó ọjà lórí ẹ̀rọ alágbèéká rẹ̀, ó sì pinnu láti ra ọ̀kan fún bàbá rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lọ ni ojú rẹ̀ ń wò, nítorí, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, bàbá òun kì í ṣe ọdẹ kékeré. Níhìn-ín ni a ti dá a dúró. A sọ fún un pé kí ó má ṣe kọ́kọ́ béèrè bí ohun náà ti lágbára tó, bí kò ṣe bí bàbá yóò ti fa ọṣán rẹ̀. Bí bàbá kò bá lè fà á fúnra rẹ̀, ohun tí a rà fún un kì í ṣe ohun ọdẹ, ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri ni, yóò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì ni àkàtànpó. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ní ẹnu àwa Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń sọ òkò sí ẹyẹ ni ọ̀pọ̀ ń pè bẹ́ẹ̀ lóde òní. Ọrun ni, tí a dè mọ́ orí igi gbọọrọ. Igi náà ni ó ní ibi tí ọṣán ń há sí. Ní ọdún 1909, Henry Balfour, tí ó jẹ́ alábòójútó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Pitt Rivers ní Oxford, kọ̀wé lórí irú àkàtànpó tí a ń lò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ṣàlàyé pé ó jọ ti àwọn ará Norway gan-an: a la igi ìdí rẹ̀ sí méjì láti ẹ̀yìn, a sì fi èèkàn kékeré kan sí apá ìsàlẹ̀, nígbà tí ọdẹ bá fún apá méjèèjì pọ̀, èèkàn náà a ti ọṣán jáde kúrò ní ibi tí ó há sí, ọfà a sì fò. Èrò rẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn atukọ̀ òyìnbó ni a ti kọ́ ọ. Àwọn Fang ní Gabon mọ àkàtànpó yìí lò púpọ̀ láti fi pa ẹyẹ àti ọ̀bọ.

Wàyí o, kí ni ìdí rẹ̀ tí àkàtànpó fi lè gba èjìká là? Ìbọn ṣakabùlà, bí ẹ̀tù bá ti gbiná nínú rẹ̀, a máa ti ẹni tí ó yìn ín sẹ́yìn, èjìká ni ó sì ń gba gbogbo ìtì náà. Ọrun lásán kò ní ìtì, ṣùgbọ́n ọdẹ ní láti fà á kí ó sì dì í mú ní fífà títí ẹran yóò fi bọ́ sí ọ̀kánkán, àárẹ̀ èyí sì wà lórí èjìká. Ní ti àkàtànpó, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń fà á. Ìkọ́ ni ó ń di ọṣán mú lẹ́yìn náà, ìka kan ṣoṣo ni a sì fi ń tú u sílẹ̀. Ìtì rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìbọn. Gbogbo wàhálà rẹ̀ wà nínú fífà náà. Bí a bá ti yanjú èyí, a ti yanjú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Pọ́ùn ni àwọn tí ń ṣe é fi ń ka agbára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a fi ń ṣe ọdẹ wà láàrin pọ́ùn 150 sí 200. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, òfin béèrè pé kí ó tó pọ́ùn 125 ó kéré tán fún ẹran ńlá. Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń fà á. Èkínní, kí ènìyàn ti ẹsẹ̀ bọ irin tí ó wà ní orí rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọṣán. Gbogbo ìwúwo náà ni yóò gbé. Èkejì ni okùn tí ó ní ìwọ̀ méjì, èyí tí í dín ìwúwo náà kù sí ìdajì. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí, bí ẹni ń fa omi kànga; èyí dín in kù tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ju bí pọ́ùn 15 lọ, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó lọ́ra, ó sì gba owó, ṣùgbọ́n ọdẹ àgbà kì í kánjú.

A kọ́ ọmọ náà ní ìdánwò kan tí kò ná an ní kọ́bọ̀. Lítà omi kan wọn kìló kan, èyí sì jẹ́ pọ́ùn 2 àti díẹ̀. Kí ó bu omi díẹ̀ sínú korobá méjì, kí bàbá gbé wọn láti ilẹ̀ dé ìbàdí, ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa fi omi kún un díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ojú rẹ̀ bá ti yí padà, kí a dúró. Ẹni tí yóò fi okùn fa àkàtànpó pọ́ùn 150 ní láti lè gbé lítà 17 ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí èjìká má sì dùn ún. Bàbá yìí gbé lítà 8, ó sì dúró. Nípa ìṣirò, lítà 8 ní ọwọ́ méjèèjì kò lè fi okùn fa ohun tí ó ju pọ́ùn 70 lọ. Ọ̀rọ̀ sì yé ọmọ: àkàtànpó tí ó ní ẹ̀rọ yíyí nìkan ni yóò ṣe bàbá ní àǹfààní.

Nípa ti owó, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má ṣe ra èyí tí ó yára jù tàbí èyí tí awò orí rẹ̀ dára jù. Òkété tàbí ẹtu kò béèrè pọ́ùn 200. Kí a ra èyí tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí a sì fi owó tí ó kù ra ẹ̀rọ yíyí náà. Kí a ṣírò owó ọfà àti ti ọṣán mìíràn mọ́ ọn, nítorí ọṣán a máa gbó. Kí a béèrè bóyá ẹ̀rọ náà bá irú àkàtànpó náà mu, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni ó bá a mu. Kí bàbá gbé e sí èjìká ní ìsọ̀ kí a tó san owó: ọ̀pọ̀ nínú wọn wọn pọ́ùn 6 sí 8, orí wọn sì ni ó wúwo. Bí ó bá lè fi èjìká òsì ta á, ó dára. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó jókòó sórí àpótí ní ilẹ̀, kí ó gbé e lé igi oníkọ́ńdú méjì, kí ó sì gbàgbé gígun orí igi.

Ewu ń bẹ nínú ohun yìí pẹ̀lú. Kí a má ṣe tú ọṣán sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀, nítorí ọrun lè fọ́ sí ẹni lójú. Kí àtàǹpàkò má ṣe ga kọjá ibi tí ọṣán ń gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gé e. Kí a má ṣe dán an wò ní àdúgbò bí Òṣòdì, níbi tí ènìyàn kì í dá. Oko ni kí a ti kọ́ ọ. Nínú ọkọ̀, kí ọṣán wà ní títú, kí a sì dì í dáradára. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 sọ pé a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún ṣakabùlà pàápàá. Òfin náà kò dárúkọ àkàtànpó, síbẹ̀ ó sàn kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá kí a tó rà á, ju kí a máa ṣàlàyé fún wọn ní ojú ọ̀nà lọ.

Ṣùgbọ́n kí a tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a wo èjìká náà. Iṣan èjìká a máa gbó, ó sì lè ya. Nígbà mìíràn oríkèé a dì, pàápàá lára ẹni tí ó ní àìsàn àtọ̀gbẹ. Ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí ìrora bá wà ní èjìká tàbí apá òsì, tí àyà sì ń fún ènìyàn, tí òógùn sì ń bò ó, ó lè jẹ́ ọkàn ni. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn egungun tí ó wà ní Ìgbóbì kò jìnnà sí Òṣòdì. Àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì ni a kọ́kọ́ tọ́jú níbẹ̀ ní ìgbà bí ọdún 1945. Ibẹ̀ ni a rọ ọmọ náà pé kí ó kọ́kọ́ mú bàbá rẹ̀ lọ.

Ó kù bí a ó ti gbé e kalẹ̀ níwájú àgbà. Bí ọmọ bá sọ pé, “Ẹ ti dàgbà, ẹ gba èyí,” ó ti ba ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́. Ọmọ yìí ṣe é dáradára. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, mo fẹ́ ra ohun kan, n kò sì mọ̀ ọ́n yàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yàn án.” Nígbà tí bàbá gbọ́ àlàyé tán, ó ní kí ó fi èyí tí ó lágbára jù sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, èyí tí òun lè fà láìpe ẹnikẹ́ni ni kí ó bá òun rà. Ọmọ náà sọ fún wa pé ní alẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn igbó.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ kíyè sí i. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Bí ó ti rí nínú ayé, bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú fífa ọṣán.