Ta Ló Máa Gun Básíkùlù Nínú Eré Tẹlifíṣàn Wa?

Bí ẹ bá dúró ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, tí ẹ kígbe "Kẹ̀kẹ́!", ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló máa dúró níwájú yín. Orúkọ náà ti ní olówó tuntun. Láyé àwọn bàbá wa àgbà, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà ló ń jẹ́ kẹ̀kẹ́: Raleigh dúdú tó ń dán, tí tíṣà, wolé-wolé àti àgbẹ̀ tó rí ṣe nídìí kòkó máa ń nù láràárọ̀. Ẹni tó bá rà á, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ aago rẹ̀. Lónìí, básíkùlù la ń pè é kó má baà di àṣìgbọ́, ẹni tó bá sì gùn ún lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á bi í pé, "Ṣé kò sí nǹkan o?"

Bẹ́ẹ̀ ìlú tó yẹ básíkùlù ni Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU tó ń gbé ní Parakin tàbí Mayfair, nọ́ọ̀sì tó ń lọ sí OAUTHC, ẹni tó ń lọ ra nǹkan lọ́jà: ọ̀pọ̀ ìrìnàjò wọn kò gùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan kúrò ní iye tí kò tó ₦200 tó fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ náà gbéra. Ẹ fi 5 sọ owó ọkọ̀ yín ojúmọ́ kan di púpọ̀, kí ẹ tún fi 4 sọ èyí di púpọ̀. Ẹ ó rí ohun tó ń jáde lápò yín lóṣù.

Ẹ jẹ́ ká wo sáyẹ́ǹsì rẹ̀ díẹ̀. Kìlómítà 3, bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ rìn ín ní ìwọ̀n kìlómítà 5 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 36 ni. Lórí básíkùlù tí kò sáré, ìyẹn kìlómítà 15 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 12 ni. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti agbára. Ní 1973, S. S. Wilson kọ ọ́ sínú Scientific American pé agbára tí ẹni tó wà lórí básíkùlù ń ná lórí kìlómítà kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún èyí tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń ná. Bí a bá ń rìn, gbogbo ìgbésẹ̀ la fi ń gbé ara wa sókè tí a tún ń sọ ọ́ kalẹ̀. Lórí básíkùlù, ìjókòó ló ru ara, táyà ń yí, ẹsẹ̀ kò ní iṣẹ́ míì ju kó máa ti pẹ́dà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni èrè yìí ti pọ̀ jù o, Ifẹ̀ sì ní òkè. Níbi gíga, ẹ ó gbé ara yín àti irin náà pọ̀. Jíà kékeré kò dín iṣẹ́ yẹn kù. Ó kàn pín in sí wẹ́wẹ́ ni, bí ẹni pín àpò ìrẹsì kan sí abọ́ mélòó kan kó tó rù ú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 12 lọ, 12 bọ̀, fún ọjọ́ 5: 120 ti wọlé láì san owó jíìmù.

Kí ló dé tí a kò gùn ún nígbà náà? Owó tí a fi ń rà á wà níbẹ̀, ẹ̀rù ọkọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ojú tí a fi ń wò ó náà wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni tẹlifíṣàn ti wọ ọ̀rọ̀. Básíkùlù wo là ń rí lórí ìkànnì wa? Bóyá ti ìdíje: Ese Ukpeseraye ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Paris 2024, àwọn ará Jámánì ló sì yá a ní èyí tó fi wọ pápá. Ó wúni lórí gan-an, ṣùgbọ́n ta ló máa wo ìyẹn tán tó máa ní òun náà á fi lọ ra ata? Ní ti eré àgbéléwò, nínú èyí tí mo ti wò, bàbá abúlé tàbí aláwàdà ló sábà máa ń gùn ún, ká lè rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 1963, Albert Bandura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọdé tó wo fíìmù níbi tí àgbàlagbà ti ń lu bèbí kan náà lọ lu bèbí bẹ́ẹ̀. Miguel Sabido mú irú ẹ̀kọ́ yìí wọ tẹlifíṣàn ní Mẹ́síkò: ní 1975, eré rẹ̀ Ven Conmigo bẹ̀rẹ̀, nípa àwọn àgbà tó ń kọ́ ìwé kíkà. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé yàtọ̀ sí ẹni rere àti ẹni burúkú, ẹnì kẹta kan wà nínú eré tó ń ṣiyèméjì bí èmi àti ẹ̀yin, tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Òun ni òǹwòran ń bá rìn.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù wá láti ìhà Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà níbí gan-an. Abhijit Banerjee, Eliana La Ferrara àti Victor Orozco fi MTV Shuga, eré ìfẹ́ tí ọ̀rọ̀ HIV wà nínú rẹ̀, dán àwọn ọ̀dọ́ bíi 5,000 wò, ọmọ ọdún 18 sí 25. Àwọn kan wo Shuga, àwọn yòókù wo eré míì. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 8, àwọn tó wo Shuga fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì ju àwọn yòókù lọ nínú lílọ ṣàyẹ̀wò HIV. Àwọn tí ìtàn náà gbé lọ́kàn jù ló sì ràn jù. N kò ní sọ pé básíkùlù rí bákan náà o. Àyẹ̀wò, ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ẹ máa lọ. Básíkùlù, owó ni, ojoojúmọ́ sì ni.

Síbẹ̀, bí OSBC tàbí NTA bá bi mí, mi ò ní kí wọ́n gbé dókítà wá kó jókòó sọ̀rọ̀ ìlera fún ìdajì wákàtí. Àwọn tó ń gùn ún tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa wò ó tán. Ẹ fún òṣèré tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn ní básíkùlù, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kó so ó mọ́ igi níwájú ilé àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kí ìyá oníṣòwò ró ìró gun èyí tí irin àárín rẹ̀ wálẹ̀, apẹ̀rẹ̀ níwájú. Kí amòfin kan ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kí ṣéènì má baà jẹ ẹ́. Kí táyà jò ní Ẹnúwá, kí fọkanáísà lẹ̀ ẹ́, kí eré máa lọ.

Ìbéèrè ẹni tí kò gùn ún rí kéré, àmọ́ òun ló ń dá a dúró. Ṣé olè kò ní gbé e? Ṣé n kò ní làágùn dé kíláàsì? Ti òógùn yìí, bí ẹ bá ń lọ, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́. Ìgbà tí ẹ bá dúró ló máa ń ya. Ẹ rọra wà á ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ó parí. Ìran ìṣẹ́jú kan nínú eré lè fi ìyẹn hàn.

Ṣùgbọ́n kí tẹlifíṣàn má tàn wá. Bí ó bá ń fi ọ̀nà dídán tó ṣófo hàn wá, ọjọ́ àkọ́kọ́ láàárín ọ̀kadà àti bọ́ọ̀sì ni àṣírí máa tú. Ní Netherlands, ọmọdé tó ju 400 lọ ni ọkọ̀ pa ní 1971. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ VPRO gbé ètò kan jáde nípa àwọn ọmọ De Pijp ní Amsterdam, tí wọ́n ní kí mọ́tò kúrò ní àdúgbò àwọn kí àwọn lè ríbi ṣeré. Ètò yẹn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ ra básíkùlù. Títì ló fi han àwọn àgbà, láti ibi tí ojú ọmọdé ti ń wò ó.

A lè ṣe irú rẹ̀ ní Ifẹ̀, kò sì dìgbà tí ilé iṣẹ́ ńlá bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n gùn, ẹ dé akoto, ẹ so fóònù mọ́ iwájú básíkùlù dáadáa, kí ẹ wà á láti Sabo dé géètì OAU ní aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀, kí ẹ tún ṣe é ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ má gé fídíò náà rárá. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ fi orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yín sí abẹ́ rẹ̀.