Igi filao ẹ̀yìnkùlé wa tí a gé nítorí Nọ́ẹ̀lì

Bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti wọlé ní Àjàṣẹ́, ọyẹ́ á bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé á gbé ìbòjú kaléta wọ̀, wọ́n á máa lu ìlù láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n lè rí owó díẹ̀. Nílé tiwa, igi ni àwọn àbúrò wa ń béèrè. Wọn ò fẹ́ onírọ́bà tí wọ́n ń tà lọ́jà. Igi tòótọ́ ni wọ́n fẹ́, ọ̀kan sì wà lẹ́yìnkùlé.

Filao ni, bàbá wa ló gbìn ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba etí òkun kọjá mọ̀ ọ́n: igi gíga tí ewé rẹ̀ rí bí irun, tí á máa sú fèé bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Wọ́n ń gbìn ín síbẹ̀ kó lè di yanrìn mú, kó sì dínà afẹ́fẹ́. Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, ọ̀nà Éṣíà àti Ọsirélíà ló ti wá. Kò sì bá sapin àwọn Òyìnbó tan, ojú lásán ni wọ́n fi jọra.

Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá àgbà máa ń jókòó sí ṣa ẹ̀wà àkàrà rẹ̀. Nígbà tí a sọ fún un pé a fẹ́ gé e, ó ní: «Tẹ́ ẹ bá gé e tán, níbo ni kí n wá máa jókòó sí?» A rẹ́rìn-ín. A ní á tún hù. A ò mọ̀ pé filao kì í fẹ́ sọ mọ́ bí a bá gé e nídìí, kò dà bíi tẹ́ẹ̀kì.

Àbúrò bàbá wa mú ayùn wá. Igi wó, ó sì wó lára ọgbà mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo gíga rẹ̀, ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan ló wọ pálọ̀! A rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn tútù, a fi bébà dídán àti iná wẹ́wẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó dára lójú, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ò fún un láyè. Kí ọdún tuntun tó dé, ó ti gbẹ, ó ń gbọ̀n sílẹ̀ káàkiri pálọ̀. Ẹ̀ka ńlá kan ì bá ti ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìyókù di igi ìdáná. Filao ń jó dáadáa, kódà ní tútù. Ìyá àgbà fi dín àkàrà, kò sì bá wa wí rárá. Ì bá tẹ́ wa lọ́rùn kó bá wa wí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń jókòó sí báyìí, tí oòrùn bá yí, á gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé òjìji.

Lọ́jọ́ kan a bá a níbi tó ti ń ṣa àwọn èso kéékèèké líle tó bọ́ lára igi náà. Ó sá wọn sórí bébà títí wọ́n fi lanu, tí hóró wọn tó níyẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ó da yanrìn sínú agolo tòmátì, ó gbìn wọ́n. Ó wá gbójú sókè wò wá.

«Tí èyí bá dàgbà, ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ wá tọrọ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ka o!»